Ẹ́ńjìnnì Àlòkù àti Ìdí Ọkọ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà, àti ẹ̀yin ọmọ kékeré tí ẹ ń kọ́ èdè lọ́jọ́ Sátidé, àwọn olùkọ́ yín ní kí n kọ nǹkan nípa Ògún sínú ìwé yìí. Ẹ ti mọ̀ pé Ògún ló ni irin, ẹ ti mọ̀ pé màrìwò la fi ń ṣe ojúbọ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, olùkọ́ sì ti fún yín ní máàkì. Èmi kò ní tún ìyẹn sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí a ṣe gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi ilé wa, nítorí pé nídìí iṣẹ́ náà ni mo ti rí i kedere pé ìwà ni Ògún ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá di irin mú, kó tó kan ẹbọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya orúkọ méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn ọmọ máa ń pọ̀ wọ́n mọ́ra. Ògún, pẹ̀lú àmì òkè lẹ́yìn, ni òrìṣà irin. Ògùn, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni odò tó ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá, odò Yemọja. Nílé, odò ni Yemọja. Nígbà tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú gba orí òkun wá sí Brazil àti Cuba, wọn kò rí odò Ògùn mọ́, òkun ni wọ́n wá ń bá Yemọja sọ̀rọ̀. Títí di òní, ní Salvador ní ilẹ̀ Bahia, lọ́jọ́ 2 oṣù Èrèlé, àwọn apẹja Rio Vermelho máa ń fi ọkọ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sójú agbami. Ilé tiwa náà ní Florida máa ń gbé ẹbọ rẹ̀ lọ sórí omi lọ́dọọdún: òdòdó, èso, oyin tí a dà sínú igbá, kò sí ike, kò sí ìgò.

Àjẹ̀ la fi ń wa ọkọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ fáíbà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wà á ti ń dàgbà, atẹ́gùn ọ̀sán sì máa ń tì wá padà sétí omi bí ẹni pé a kò lọ ibì kankan. Ní ọdún 2022, ilé dáwó jọ, wọ́n ní kí n lọ wá ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Èkó ń pe ọjà àlòkù tó bá ti òkè òkun dé ní tòkunbọ̀. Èyí tí a rà kò la òkun kankan kọjá ní tiẹ̀. Inú gáréèjì ẹnìkan tí kò jìnnà sí wa ló ti wá. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tàbí tilé, ọ̀kan náà ni wọ́n: ẹlòmíràn ti lò ó, o kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń lò ó.

Ẹ́ńjìnnì àlòkù dà bí àlejò tó dàgbà jù ẹ́ lọ tó fẹ́ wá bá ẹ gbé. O ó kí i, o ó fún un ní ìjókòó, ṣùgbọ́n o ó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ìbéèrè wo la bi tiwa?

A kọ́kọ́ wo nọ́ḿbà ara rẹ̀, a sì gba ìwé ìtà lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ḿbà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ má dúró gbọ́ ìtàn, ẹ máa lọ sílé. Nílẹ̀ Yorùbá, irin ni oníṣẹ̀ṣe máa ń fi búra ní kóòtù ìbílẹ̀, kó má baà purọ́. Ṣé irin olè la ó wá gbé síwájú Yemọja?

Lẹ́yìn náà la tú sùkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ kí ọ́ìlì gíà kán sínú abọ́ díẹ̀. Bí ọ́ìlì náà bá funfun bí ògì, omi ti ń wọ inú gíà nìyẹn. Tiwa dúdú, ó sì mọ́. A yọ púlọ́ọ̀gì, a fi gééjì wo bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ tó. Kì í ṣe kí nọ́ḿbà ga nìkan la ń wá, a fẹ́ kí àwọn méjèèjì sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ìdá 15 nínú 100 kéré sí ìkejì rẹ̀, àìsàn ń bẹ nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Nígbà náà la tó tàn án. A gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú dúróòmù omi, nítorí omi ló ń tu ú lára bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ: a kì í tan ẹ́ńjìnnì yìí lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi sókè. Bí kò bá rí omi fà, ó máa jóná kíá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí omi tó ń tú jáde tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìtọ̀ ọmọdé. Ìyẹn ló ń sọ fún yín pé ara rẹ̀ balẹ̀. Tiwa tú omi dáadáa, síbẹ̀ a pààrọ̀ rọ́bà náà nígbà tí a gbé e délé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, a kò sì mọ ọjọ́ orí èyí tó wà níbẹ̀.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú wà fún ìdí ọkọ̀ tó ga ní íǹṣì 15, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn wà fún íǹṣì 20, òmíràn sì wà fún 25. Ìdí ọkọ̀ tiwa jẹ́ 20. Ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wá, ó mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ sì rọjú, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú ni. Bí a bá gbé e kọ́ ọkọ̀ wa, abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní wọ omi tó. Afẹ́fẹ́ ni yóò máa gbọ̀n, ariwo á pọ̀, ọkọ̀ kò sì ní lọ. A dúpẹ́, a kọ̀ ọ́. Ohun tó dára kọ́ ni gbogbo ohun tó bá ẹni mu.

Ẹ tún wo àwo kékeré tó wà lára ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ẹni tó ń kan irú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yìí, tí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà 20, lẹ àwo mọ́ ọn tó ń sọ iye èèyàn àti ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé, àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára mọ. Tiwa kọ ọ́ pé agbára ẹṣin 25 ni òpin. Ẹ́ńjìnnì wa jẹ́ 15, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó páùn 80. A wà nínú òfin.

Gbogbo èyí ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì ni. Ẹjọ́ ọkọ̀ ló wá kù.

Pákó kan wà tó dábùú ìdí ọkọ̀, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní transom. Ibẹ̀ la ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnnì kàn rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí a fi kọ́ ìṣó ni. Rárá o. Abẹ̀bẹ̀ irin ń ti omi sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wá ń fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, òkè rẹ̀ sì ń fẹ́ já bọ́ sẹ́yìn. Pákó ìdí yẹn nìkan ló ń sọ fún méjèèjì pé kí wọ́n dúró. Gbogbo agbára tó ń gbé ọkọ̀ lọ, ara pákó yẹn ló ń gbà kọjá. Lójú, fáíbà funfun lẹ ó rí. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ púpọ̀ bíi tiwa, pákó plywood ló wà láàárín fáíbà náà, bí omi bá sì ti rí ojú ihò wọlé, pákó á máa jẹrà níbi tí ojú kò tó.

Báwo la ṣe ń mọ̀? Ẹ fi ẹ̀yìn òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Pákó tó yè á dún kọ́, kọ́, kọ́. Èyí tó ti rà á dún bù, bù. Ọmọdékùnrin kan nínú yín tó ń kọ́ bàtá ló ń bá mi kàn án lọ́jọ́ náà. Ó dúró, ó tún un kàn, ó ní, “Bàbá, ohùn ibí yìí ti yí.” Mo kàn án, mo gbọ́ ọ. A yọ sùkúrù àtijọ́ kan níbẹ̀, omi pupa bí omi ìpẹtà ṣàn tẹ̀ lé e. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà kó tó di tiwa ti fi sùkúrù mẹ́rin kan nǹkan kan mọ́ ibẹ̀, kò sì fi gọ́ọ̀mù dí ojú wọn. Ihò tí kò tóbi tó orí ìka ọmọ ọwọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù sí ọdún Yemọja.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tó ti gba òrìṣà ṣáájú mi, tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí, sọ pé, “Àbúrò, ọdún ti dé tán. A ti pe àlejò. A ó bọ Ògún, a ó fi àkùkọ bẹ̀ ẹ́, a ó fi ṣéènì de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ọkọ̀. Ṣebí ọ̀nà kò jìn.” Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan. Ìfẹ́ òrìṣà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú àlejò sì ń tì í. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bí a bá bọ Ògún tán, ta ni yóò bá wa bọ pákó?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i. Ó ní ṣé mò ń sọ pé ẹbọ kò ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà gbóná, ilé pín sí méjì.

Wọ́n gbé e lọ bá Ìyálórìṣà wa. Ẹnìkan ti mú obì dání pé kí Ìyá dà á. Ìyá kò gba obì náà. Wọ́n bi wá pé, “Ọmọdé mélòó ni yóò wọ ọkọ̀?” A ní, “Mẹ́ta ni, Ìyá.” Wọ́n ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ojú ti rí, tí etí ti gbọ́, tí ọwọ́ sì ti kàn, a kì í tún da obì sí i. Obì wà fún ohun tí a kò mọ̀. Èyí, ẹ ti mọ̀ ọ́n.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Etí omi la ti ṣe ọdún lọ́dún náà. Gbogbo wa wọ omi dé orúnkún, a fi ọwọ́ gbé igbá lé ojú ìgbì. Àwọn àlejò kan ní ó kéré sí ti èṣí. Ṣùgbọ́n iye àwa tí a lọ ni iye àwa tí a padà wálé.

Ẹ̀yin ìyàwó òrìṣà, ẹ fi ọ̀rọ̀ Ìyá yìí sọ́kàn. Ẹbọ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó ní kò ṣiṣẹ́ nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹbọ kì í ṣe aṣọ tí a fi ń bo ohun tí a mọ̀ pé kò dára. Ẹni tó rí pákó jíjẹrà, tó fẹ̀jẹ̀ kùn ún, tó wá ní Ògún ń ṣọ́ òun, ó ń purọ́ mọ́ Ògún ni.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ọdún, a bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ta ló kọ́kọ́ dé? Ẹ̀gbọ́n wa yẹn ni, tòun ti ìbọ̀wọ́ àti ìbomú lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí gé fáíbà inú. Nígbà tí fáíbà ṣí, ọwọ́ lásán la fi ń bu pákó inú bí ẹni ń bu ẹ̀bà. Ẹ̀gbọ́n mú ìwọ̀n ìkúnwọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, “Àbúrò, o ṣeun.” Ìyẹn nìkan.

Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é. A kó gbogbo èyí tó ti rà kúrò títí a fi dé ibi tó yè. A jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Èyí gba sùúrù ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí lẹ́ẹ̀ lórí pákó tútù, òfo ni. A gé plywood ọkọ̀ omi méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, a fi epoxy lẹ wọ́n pọ̀ mọ́ra, ó di íǹṣì kan àbọ̀. A fi epoxy bo etí rẹ̀ yíká, a tún fi aṣọ fáíbà bò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bo imú àti ojú, kó sì ṣe é níta, nítorí eruku fáíbà kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́.

Ọjọ́ ìgbékọ́ wá dé. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín gbùngbùn ìdí ọkọ̀. Èèyàn méjì gbé ẹ́ńjìnnì, a gbé e lé ìlà náà, a fi ọwọ́ de sùkúrù ńlá méjèèjì tó fi ń gbá pákó mú. Ẹ̀gbọ́n na pátákó gígùn kan sábẹ́ ọkọ̀, ó fà á jáde sẹ́yìn, kí a lè rí ibi tí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bá ẹ́ńjìnnì mu. Àwo pẹlẹbẹ kan wà lókè abẹ̀bẹ̀ irin. Ó yẹ kó bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tàbí kó rẹlẹ̀ sí i díẹ̀, kó má ju íǹṣì kan lọ. Bó bá ga jù, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ̀bẹ̀. Bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ omi, epo á sì máa ṣòfò. Tiwa rẹlẹ̀ ní ìdajì íǹṣì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Sùkúrù tí a fi ọwọ́ dè nìkan kò tó, nítorí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ohun tó ń gbọ̀n sì máa ń tú ara rẹ̀. A fi dúríìlì lu ihò já pákó, a dà gọ́ọ̀mù ọkọ̀ omi sínú ihò náà kó kún, kí bóòtì tó wọ̀ ọ́. Ihò tí a kò dí ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ṣé ẹ rántí? Bóòtì tí kì í dípẹtà la lò, a fi wáṣà fífẹ̀ sí inú kó má baà rì sínú pákó, a sì fi nọ́ọ̀tì onírọ́bà dè é, irú èyí tí kì í tú fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a tún fi ṣéènì so ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀. Nísinsìnyí ni ṣéènì Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní iṣẹ́: ó ń ran pákó tó yè lọ́wọ́, kì í ṣe pé ó ń rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí la bọ Ògún. A da epo pupa àti ọtí síwájú rẹ̀, a gbé sípánà àti òòlù tí a lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ṣe ìwúre. Kò sí ẹni tó béèrè mọ́ bóyá ẹbọ ń ṣiṣẹ́.

Àgbàlagbà méjì ló kọ́kọ́ gbé e jáde, níbi tí omi ti dákẹ́, láìsí ọmọdé. Lẹ́yìn wákàtí kan a padà sétí omi, a tún gbogbo nọ́ọ̀tì dè. Imú ọkọ̀ ń ga díẹ̀ bó ṣe ń sáré, a yọ irin tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a tì í sí ihò tó sún mọ́ ọkọ̀, imú wálẹ̀. Epo tiwa, 50 pẹ̀lú ọ́ìlì 1 la ń pò pọ̀. Lẹ́yìn omi iyọ̀, omi tútù la fi ń fọ inú rẹ̀, nígbà gbogbo.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Igbe ọdún 2021, òfin Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ kékeré bíi tiwa so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré, pé bó bá já sómi, kí ẹ́ńjìnnì kú, kó má baà yí padà wá gé e. Òfin Florida ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ilé wa ní kí gbogbo wa wọ̀ ọ́, àti Ìyá, àti ọmọ, àti èmi. Ẹni tó bá ní ẹ̀wù náà yóò ba aṣọ funfun òun jẹ́, kó dúró sétí omi kó máa lu agogo dè wá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ wa gbé ẹbọ Yemọja kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ọmọ onílù bàtá yẹn wà nínú rẹ̀, òun ló gbé igbá oyin. Òun náà ló sì ń fi òòlù kan ìdí ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan báyìí; kò sí ẹni tó ń rán an létí. Ẹ bá a lọ lọ́jọ́ kan, kí ẹ lọ kọ́ bí pákó tó yè ṣe ń dún. Nílé ayé yìí, ẹ ó bá ọ̀pọ̀ nǹkan pàdé tó funfun níta, ẹ máa kàn án kí ẹ tó gbé ẹrù lé e.

Kí Ògún la ọ̀nà fún wa. Kí Yemọja gbé wa léfòó. Kí ọwọ́ wa má ṣe kánjú níbi tó yẹ kó ti rọra. Àṣẹ.